Koríko Inú Bàtà

Òòrùn kì í wọ̀ níbí lóṣù kẹfà.
Ó kàn bẹ̀rẹ̀ létí òkè bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀,
ó sì tún nàró.
Agogo méjì òru ni mo ṣí ìwé Hallbäck,
mo kà á láìtan iná.

Jöran Hallbäck. Ọmọ àlùfáà, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún,
ó gba ọ̀nà yìí kọjá ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn
pẹ̀lú àpótí páànù, gíláàsì kan tí ń sọ kékeré di ńlá,
àti ẹ̀fọn tí kò jẹ́ kó sùn.
Ohun gbogbo tó bá ti hù, ó ń kà á.
Ó já òdòdó, ó tú u palẹ̀,
ó ka ewé rẹ̀ bí akápò ti ń ka owó ẹgbẹ́,
ó sọ ọ́ lórúkọ, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé.
Irúgbìn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gbé relé.
Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀.
Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ẹni tó yá a lówó.

Èmi náà ń kà tèmi.
Láàárín ọjọ́ márùn-ún mo ti rí mọ́kànlélógún nínú wọn,
mo fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn létí ìwé
bí ọmọ iléèwé tó ń retí ẹ̀bùn.
“O ò tí ì gbójú sókè láti àárọ̀,” ni Risten wí.
Darandaran ni, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún,
ó ń rìn lórí àbàtà bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀ lóru.
Mo gbójú sókè.
Agbo àgbọ̀nrín ń gun òkè lọ, igba, bóyá ọ̀ọ́dúnrún,
ẹsẹ̀ wọn ń ta pó, pó, pó
bí igi gbígbẹ nínú iná.
Hallbäck kò kọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, ẹrẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún.
Bàtà mi, tí ẹni tó tà á búra pé omi ò lè wọ̀ ọ́,
mumi bí ewúrẹ́ tó jẹ iyọ̀.
Ẹsẹ̀ mi hunjọ, ó funfun bí ẹfun, kò mọ̀ mí mọ́.
Risten kò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù.
Ó fa òṣùṣù koríko gbígbẹ kan jáde nínú àpò,
tí wọ́n ti lù, tí wọ́n ti yà, tí wọ́n dì bí irun ọmọdé;
ó tú u, ó fi wé mi lẹ́sẹ̀ yíká,
ó tẹ èyí tó kù sínú bàtà.
“Suoidni,” ó ní. “Ìyá mi ló kó o.
Ojú rẹ̀ ti fọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ èyí tó dáa.”

Ìgbà náà ni mo rántí ojú ìwé kan.
Mo ṣí i, ìka mi ń gbọ̀n fún òtútù:
Ọjọ́ kẹta, oṣù keje. Mo sọ bàtà kan nù sínú àbàtà.
Obìnrin kan fi mí rẹ́rìn-ín,
ó fún mi ní òmíràn, koríko kún inú rẹ̀.
Ẹsẹ̀ mi gbóná. N kò rí ohun tuntun lónìí.

Kò rí ohun tuntun.
Mo wá a nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta náà láti orí dé ìdí.
Kò kọ orúkọ obìnrin náà,
kò kọ orúkọ koríko tó gbé e délé.
Àlejò lójú, kò fi í ríran:
ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ,
ẹlòmíràn ni mo rò pé wọ́n ń bá wí.

Mo kà á fún Risten.
Ó fọwọ́ lé èéfín kúrò lójú, ó ronú.
“Bàtà yẹn,” ó ní, “ṣé ó dá a padà?”

Ìwé kò sọ.

Nírọ̀lẹ́, bí a bá lè pè é nírọ̀lẹ́,
mo fẹ́ fi ìkẹrìnlélọ́gọ́ta kún un nísàlẹ̀ ojú ìwé.
Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ,
n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.
Risten gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi.